Push-fit tàbí onígọ́ọ̀mù: èwo ni kí ìyá ọlọ́mọ rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ni à ń gbé, nílùú London. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 11, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré Warhammer nílé ìwé wọn, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jà. Ó ní kí n ra páálí ère ọmọ ogun tòun fún òun. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n mú push-fit, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọnú ara wọn láìlo gọ́ọ̀mù. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní nǹkan ìṣeré ọmọ kékeré nìyẹn, pé yóò máa tú káàkiri ilé, pé kí n kúkú ra èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. A ń lọ sí Ìbàdàn ní ọlidé, ó sì ti ní òun á kó wọn dání. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ra push-fit náà.

Àbúrò bàbá ọmọ kò sọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Ohun kan wà lóòótọ́ tí push-fit máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. Àmọ́ kì í ṣe agbára ló ń gbà, kì í sì í ṣe ẹwà. Àǹfààní láti yan bí ère náà yóò ṣe dúró, àti ohun tí yóò mú lọ́wọ́, ló ń gbà. Fún ọmọ ọdún 11 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ lè rí ìyókù gbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀yin àti ọmọ lè jọ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Tí ẹ bá ṣí páálí náà, ẹ ò ní bá ọmọ ogun kankan níbẹ̀. Férémù ike pẹlẹbẹ lẹ máa bá, tí orí, apá, ẹsẹ̀, ìbọn àti aṣọ ìlékè so mọ́ ọn lára, tí nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ike tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin onílàjì méjì, ó tutù, mọ́ọ̀dù là, wọ́n yọ férémù jáde. Nítorí pé mọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ là gbọọrọ láìfa nǹkan ya, kò ṣeé ṣe láti dá odidi ọmọ ogun tó ká apá mọ́ àyà, tó gbé ìbọn kọ́rùn, tó sì da aṣọ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹni tó rà á wá tò ó padà.

Ibi títò yẹn ni ọ̀nà méjèèjì ti yà. Nínú onígọ́ọ̀mù, ibi tí apá ti bá èjìká pàdé sábà máa ń tẹ́jú pẹrẹsẹ, tàbí kó jẹ́ kòtò róbótó tí apá lè yí nínú rẹ̀. Kò sóhun tó dì í mú àfi gọ́ọ̀mù. Nínú push-fit, èèkàn kékeré yọ lára ẹ̀yà kan, ihò tó bá a mu sì wà lára èkejì. Èèkàn náà fi díẹ̀ tí ojú kò lè rí tóbi ju ihò lọ. Tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ wọlé, ike méjèèjì á há mọ́ra, wọn ò ní fẹ́ já mọ́. Gbogbo ire push-fit àti gbogbo wàhálà rẹ̀, ọ̀dọ̀ èèkàn yẹn ló ti ń wá.

Ní ti pé nǹkan ọmọdé ni, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n wo Japan. Ilé iṣẹ́ Bandai níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ère róbọ́ọ̀tì Gundam lọ́dún 1980, gọ́ọ̀mù sì ni wọ́n fi ń lẹ àwọn àkọ́kọ́. Bí ọgbọ́n mọ́ọ̀dù wọn ṣe ń jinlẹ̀ sí i, ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ọ̀wọ́ High Grade jáde lọ́dún 1990, Master Grade tẹ̀ lé e lọ́dún 1995, Perfect Grade dé lọ́dún 1998. Perfect Grade yìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà, àgbàlagbà tó mọṣẹ́ lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jókòó tì í, síbẹ̀ títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ gbogbo rẹ̀ wọnú ara. Nígbà tí a bá sì padà sí Nottingham, níbi tí ilé iṣẹ́ Games Workshop tó ni Warhammer wà, àwọn páálí ńlá tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀dà òfin eré tuntun, tí àgbà ọ̀jẹ̀ ń du láti rà, push-fit ló kún inú wọn. Indomitus ti ọdún 2020 ní ère 61. Leviathan ti ọdún 2023 ní 72. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n ṣe ìwọ̀nyẹn fún.

Ní ti pé yóò máa tú, ibẹ̀ ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí push-fit. Ike kan náà ni Games Workshop fi ń ṣe oríṣi méjèèjì, gọ́ọ̀mù ike tó bá lẹ ọ̀kan ló máa lẹ èkejì. Gọ́ọ̀mù ike yìí kì í ṣe bíi gọ́ọ̀mù ìwé. Ó máa ń yọ́ ojú polystyrene díẹ̀, ojú méjèèjì á pò mọ́ra, nígbà tí ohun tó ń yọ́ ọ bá sì ti fẹ́ lọ, ẹ̀yà méjèèjì á di ẹyọ kan. Kò ní sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ tí ẹ lè rí fà ya. Super glue tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kàn ń dì mọ́ ojú ni, ó le ṣùgbọ́n ó gan, ère tó bá já bọ́ sílẹ̀ lè ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì máa ń fi ẹfun funfun sílẹ̀ lára ike. Nítorí náà, bí ọmọ ogun push-fit kan bá ń mì lápá, ẹ kan gọ́ọ̀mù ike díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tán.

Ó ṣe wá jẹ́ pé mo ń sọ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù? Nítorí ohun tí gọ́ọ̀mù ń ṣe lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ tí gọ́ọ̀mù kàn lọ́wọ́, tó wá fi ìka náà di ojú ère mú, àmì ìka rẹ̀ ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, kò sí ọ̀dà tó máa bò ó. Èyí tó jáde nínú túùbù tún máa ń ta okùn bí ilá, á fà kálẹ̀ lórí àyà àti ìbọn. Òórùn rẹ̀ le, ó ń fẹ́ fèrèsé tó ṣí. Àti pé ó ń fẹ́ sùúrù: ẹ ó di apá mú títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mọ́ra. Ibi tó ti ń le jù ni ọmọ ogun tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbọn kan ṣoṣo mú. Apá ọ̀tún, apá òsì àti ìbọn gbọ́dọ̀ bára mu ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù. Mo ti rí àwọn ọmọ tí omijé bọ́ lójú wọn nídìí èyí. Nínú push-fit, èèkàn ti pinnu ibi tí apá máa wà. Ìbọn ń lọ síbi tó yẹ kó lọ fúnra rẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà tí ṣọ́ọ̀bù kì í ka kún. Ẹ lè to push-fit wò, kí ẹ tún tú u. Ọmọ á rí i pé òun gbé ẹsẹ̀ òsì sí ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ, á sì yọ ọ́. Pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ike, àṣìṣe tó bá ti gbẹ ti di ara ère. Ó sì yá: ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán Sátidé lè ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì fi wọ́n ṣeré lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ọ̀pọ̀ páálí onígọ́ọ̀mù tí òbí fi owó ńlá rà ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí wọn ò tíì tò ju ère méjì lọ nínú wọn.

Wàyí o, ohun tí push-fit ń gbà. Ẹni tó ra aṣọ tí wọ́n ti rán tán kò lè bá télọ̀ sọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ère yìí rí. Ẹni tó gbẹ́ ère náà ti pinnu pé ọmọ ogun yìí ń sáré, pé ó ń wo apá òsì, pé ìbọn tó ń tu iná ló gbé. Bó ṣe máa wà nìyẹn. Tí ẹ bá ra páálí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ní ìbejì: gbogbo ọmọ ogun ni ẹlòmíì tó jọ ọ́ láìku ibì kan, ẹsẹ̀ kan náà lókè, ẹnu kan náà ní yíyà. Lórí tábìlì eré, ojú ń tètè rí i, ó sì ń ba ẹwà ẹgbẹ́ náà jẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Nínú Warhammer, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọmọ yín á máa retí pé ohun ìjà tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ère ni ohun ìjà tó ní nínú eré. Páálí onígọ́ọ̀mù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun sábà máa ń ní orí púpọ̀, apá oríṣiríṣi, idà, ìbọn ńlá àti kékeré, ju èyí tí ère inú páálí lè gbé lọ. Ẹ ó yan, yóò ṣẹ́ kù. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í da èyí tó ṣẹ́ kù nù. Inú agolo ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ ogun lásán di ọ̀gágun lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á wá orí àti idà níbẹ̀. Férémù push-fit kì í sábà ṣẹ́ nǹkan kù. Ẹ tò ó tán, férémù òfìfo ló wà nílẹ̀.

Ọmọ tó bá sì fẹ́ yí i padà tipátipá á rí i pé ó ṣòro. Kì í ṣe apá nìkan ni wọ́n dá: apá lè so mọ́ ìdajì àyà, orí lè so mọ́ kọ́là aṣọ, ẹsẹ̀ kan lè so mọ́ òkúta tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ apá, ẹ ó fi ayùn kékeré gé ike tó yẹ kó dúró, ihò èèkàn á sì yàwọ́ sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ihò wà.

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìpinnu kan ṣoṣo yẹn náà ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ère push-fit rẹwà ju onígọ́ọ̀mù lọ. Nítorí pé apá kò ní ibòmíì tó lè wà, ẹni tó gbẹ́ ẹ lè jẹ́ kí ìṣẹ́po aṣọ tẹ̀ lé ìyípo ìgbáròkó, kí bẹ́líìtì bo ibi tí àyà àti itan ti pàdé, kí etí aṣọ ìlékè bo ojú ìdàpọ̀. Apá tó yẹ kó lè bá àyà márùn-ún mu kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń dà bí apá tí wọ́n so mọ́ni. Lójú tèmi, fún ọ̀gágun tó dá dúró, tí ẹ ò ní ra méjì rẹ̀, push-fit ló dára jù. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́wàá tí ẹ máa rà lẹ́ẹ̀mẹta, onígọ́ọ̀mù ni kí ẹ wá.

Ibi tí push-fit ti ń kùnà ni kí ojú ìdàpọ̀ gba orí ibi dídán kọjá: àárín àṣíborí, orí irun, ẹ̀yìn ìhámọ́ra tí kò ní ọ̀ṣọ́. Bí èèkàn kò bá wọlé tán, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ á wà níbẹ̀, tí ọ̀dà bá sì dé ibẹ̀, á túbọ̀ hàn ni.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ èèkàn, tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà pẹ̀lú ọmọ, nítorí ìwé pélébé inú páálí kì í sọ ọ́ tó.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wo àwòrán. Ẹ̀ka kékeré ló so ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ férémù, èèkàn náà sì jẹ́ ike kékeré tó yọ síta. Ẹni tó ń kánjú á gé èèkàn sọnù, á rò pé ẹ̀ka ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá ihò tó bá a mu lára ẹ̀yà kejì. Tí ihò bá wà, ẹ fi èèkàn sílẹ̀. Tó bá sì ti gé, ẹ má bínú sí i, gọ́ọ̀mù ike á ṣe iṣẹ́ tí èèkàn ì bá ṣe.

Kọ́tà tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú lápá kan ni kí ẹ fi gé e, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ère oníke gan-an. Ohun ìgé-èékánná àti kọ́tà tí oníná fi ń gé wáyà máa ń tẹ ike fọ́ ni. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì: kí ti àkọ́kọ́ jìnnà sí ẹ̀yà, kí ẹ̀yà lè kúrò nínú férémù, kí ti ẹ̀ẹ̀kejì wá sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá gé e pẹ́kípẹ́kí lẹ́ẹ̀kan, kọ́tà lè bu ara ère pẹ̀lú. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ra ìyókù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún máa ń gba ẹ̀gbẹ́ apá àti ẹsẹ̀ kọjá, níbi tí mọ́ọ̀dù méjèèjì ti pàdé. Ẹ ra òun náà kúrò kí ẹ tó tò ó. Nígbà tí ẹ bá ti tò ó tán, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan fi èèkàn kan ẹnu ihò, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má tíì tì í wọlé. Bí ó bá ń wọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Bí ó bá dúró ní agbedeméjì, ẹ dá ọwọ́ dúró. Níbí ni ère ti ń ṣẹ́. Ọmọ á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ọ̀kọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì mú lá kán. Ẹ kọ́ ọ pé ibi tó nípọn ni kó máa tẹ̀, àyà tàbí èjìká, kó má tẹ ohun ìjà. Ẹ yọ ẹ̀yà náà, kí ẹ fi kọ́tà gé ṣóńṣó èèkàn ní dídagun, kí orí rẹ̀ lè tín-ín-rín. Ìyẹn nìkan sábà máa ń tó. Tó bá ṣì le, ẹ fá ẹ̀gbẹ́ kan lára èèkàn díẹ̀, tàbí kí ẹ yí ṣóńṣó ọ̀bẹ pélébé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ihò. Iṣẹ́ ọ̀bẹ yẹn, ti ẹ̀yin ni, kì í ṣe ti ọmọ.

Èmi fúnra mi máa ń gé ìdajì gígùn gbogbo èèkàn sọnù kí n tó tò ó. Ìdajì tó kù á ṣì fi ibi tí apá ń lọ hàn, kò sì ní há débi tí àlàfo á fi wà. Mo wá ń fi gọ́ọ̀mù tó ṣàn bí omi, tó ní búrọ́ọ̀ṣì nínú ìdérí, kan ojú ìdàpọ̀ láti ìta. Á sáré wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìdàpọ̀ náà. Ẹ má da gọ́ọ̀mù sínú ihò. Èèkàn á tì í jáde sí ojú ère, èyí tó bá sì há sínú á pẹ́ kó tó gbẹ, á máa rọ ike láti inú. Ọ̀nà yìí, push-fit tí a fi gọ́ọ̀mù ràn lọ́wọ́, ló ń fún ni ní ère tó le jù tí ojú ìdàpọ̀ rẹ̀ sì mọ́ jù. Àmọ́ ó di ọjọ́ tí ọwọ́ ọmọ bá ti rọ̀.

Ẹ tún tẹ̀ lé ètò nọ́ńbà inú ìwé náà. Apá kan lè wà tí ìdajì àyà méjèèjì ń pa dé mọ́, tí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀ síta, ẹ ó tú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ máa mì ín sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ ní títọ́, ẹ má yí i. Yíyí ló ń kán èèkàn mọ́nú ihò.

Ọ̀dà wá ńkọ́? Fún àkọ́kọ́, kí ó to ère tán kó tó kùn ún. Bó bá wù ú láti kun orí àti apá lọ́tọ̀, kí ó rántí pé ọ̀dà ní ìnípọn: èèkàn tí ọ̀dà bá bò kò ní wọ ihò tó ti há tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù ike kò sì lè yọ́ ike tí ọ̀dà wà lójú rẹ̀. Kí ó ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀, tàbí kó má jẹ́ kí ọ̀dà débẹ̀ rárá. Ọ̀dà Citadel tí ilé iṣẹ́ Warhammer ń tà, oríṣi acrylic tó ń pò mọ́ omi ni, kò léwu fún ike.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra gidi, pàápàá bí ọmọ bá yà sọ́dọ̀ Gundam lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yà síbẹ̀. Àwọn ọ̀dà enamel tó ṣàn, tí wọ́n ń dà sínú ìlà ara ère kí ìlà náà lè hàn, ohun tó ń tu epo ló wà nínú wọn. Lára ère tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, wọn kì í fa ìjàǹbá tó bẹ́ẹ̀. Lára èyí tí èèkàn há mọ́ ihò, ike ibẹ̀ wà nínú ìnira látìgbà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà tí omi ọ̀dà yẹn bá rá wọ ibẹ̀, ike á sán. Ó lè má sán lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè jí lọ́jọ́ kejì kí ẹ bá ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì tó ti là sí méjì. Ike tí wọ́n ń pè ní ABS, tó máa ń wà níbi oríkèé àwọn Gundam kan, ló ń jìyà èyí jù.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ rà, nítorí òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbọ́dọ̀ ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀bẹ pélébé iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà wà nínú rẹ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ta ọ̀dà afínfín inú agolo fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16. Bí ẹ bá ra ọ̀dà afínfín fún àkọ́kùn, ìta gbangba ni kí ẹ ti fín in, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì lọ́rinrin púpọ̀. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà lè rí gbàrà-gbàrà bí ìyẹ̀pẹ̀ lára ère. Nínú fúláàtì, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ló dára jù fún yín.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni ó mú kí n tètè sọ pé kí ẹ ra push-fit. Gọ́ọ̀mù ike lè gbiná, ọ̀dà afínfín náà lè gbiná, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wọ bàálù nínú wọn, ìbáà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú àpótí tó ń lọ sábẹ́. Ẹni tó gbé páálí onígọ́ọ̀mù dé Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá gọ́ọ̀mù ike kiri, super glue ló sì máa rí. Páálí push-fit tí wọn ò tíì tò kò ní irú wàhálà yẹn: férémù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gba àyè láàárín aṣọ, kọ́tà nìkan ni ó ń fẹ́. Ẹ fi kọ́tà náà sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ o. Ọmọ á ní iṣẹ́ tí yóò fọwọ́ ṣe ní ọ̀sán tí iná bá lọ, àwọn ọmọ àbúrò yín náà á sì lè bá a tò, tí ẹnì kankan ò ní fi gọ́ọ̀mù ra ojú.

Àwọn tó ti tò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Ẹ fi fóòmù rírọ̀ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ lẹ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ abẹ́ àwo róbótó tí wọ́n dúró lé, kí ẹ sì tò wọ́n sínú agolo bísíkíìtì onírin. Wọn ò ní mì. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ pọ̀, bó bá já, èèkàn á kàn yọ ni, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ padà ní Ìbàdàn. Ohun tó ń ṣẹ́ tí kì í ṣeé tún ṣe ni ṣóńṣó ọ̀kọ̀ àti ẹnu ìbọn, oríṣi méjèèjì ló sì ní irú ìyẹn.

Kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ọmọ ní nǹkan méjì: eré wo gan-an ni ẹgbẹ́ wọn ń ṣe, Warhammer 40,000 tàbí Age of Sigmar, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ogun ọ̀kan kò bá ti èkejì mu, àti irú ọmọ ogun tó wù ú. Bó bá jẹ́ 40,000, ẹ̀dà ọdún 2023 ní páálí kan tí wọ́n pè ní Introductory Set: ère push-fit ti Space Marine àti ti Tyranid (ẹgbẹ́ méjì tó ń bára jà nínú eré náà), ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti kọ́tà, gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan. Irú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún. Owó tí ẹ máa san lórí ère kọ̀ọ̀kan nínú páálí ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń dín sí iye tí ẹ ó san bí ẹ bá ń rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan ń ta ìdajì páálí ńlá bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, férémù lásán láìsí páálí. Bí ẹ bá rà níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé ìwé ìtọ́sọ́nà wà pẹ̀lú rẹ̀, torí push-fit láìsí ètò nọ́ńbà jẹ́ ìyà fún ọmọdé.

Ẹ má ra púpọ̀. Páálí kan péré, kí ó tò ó, kí ó kùn ún. Bí ẹ bá padà dé láti Ìbàdàn tó sì ń béèrè bí òun ṣe lè fún ọ̀kan nínú wọn ní idà dípò ìbọn, ẹ ra páálí onígọ́ọ̀mù kan fún un, ti irú ọmọ ogun kan náà, pẹ̀lú ìgò gọ́ọ̀mù ike oníbúrọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ ní kí àbúrò bàbá rẹ̀ wá jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn.